"Old" Kì í Ṣe Arúgbó Nìkan: Lámèyítọ́ Ọ̀nà tí A Ń Gbà Kọ́ Ọmọ Yorùbá ní Ọ̀rọ̀ Àpèjúwe Kan Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Àṣamọ̀

Ọ̀rọ̀ kékeré ni "old" nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni, ọmọ tó wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ti ń pè é. Síbẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ bá dé iwájú pátákó, ọ̀rọ̀ yìí wà lára ibi tí àléébù ọ̀nà ìkọ́ni wa ti ń yọjú jù. Ohun tí a ń sọ nínú bébà yìí ni pé ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí ọmọ tó ń sọ Yorùbá ń ṣe lórí "old" kò ti inú ọ̀lẹ tàbí àìgbọ́n wá. Inú ìtumọ̀ kan ṣoṣo tí a fún un, àti inú àtẹ ọ̀rọ̀ ìdàkejì tí a ní kó há sórí, ni wọ́n ti wá. A yẹ àwọn gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì sọ èrò wa lórí èyí tó yẹ kí olùkọ́ fi gègé pupa fà àti èyí tí kò yẹ.

Ìfáárà

Ẹnikẹ́ni nínú wa tó ti lọ bẹ akẹ́kọ̀ọ́ NCE wò lẹ́nu TP yóò mọ àtẹ kan. Olùkọ́ yóò fa ìlà sí àárín pátákó. Lápá òsì yóò kọ "big, tall, fat, old". Lápá ọ̀tún yóò kọ "small, short, thin, new". Nígbà míì "young" ni yóò kọ dípò "new". Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, yóò kọ méjèèjì, yóò fi ìlà kékeré sí àárín wọn, kò sì ní sọ ìdí tí wọ́n fi jẹ́ méjì. Àwọn ọmọ yóò kà á tẹ̀lé e, wọn yóò dà á kọ. Lẹ́yìn náà ni yóò ní kí wọ́n fi "old" àti ìdàkejì rẹ̀ ṣe gbólóhùn. Ọmọ tó bá wá kọ ọ́ pé "I have an old grandmother and a new mother" yóò di ẹni tí gbogbo kíláàsì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀, ohun tí àtẹ yẹn sọ fún un gan-an ló ṣe.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè. Kí ni ìdàkejì tuntun ní Yorùbá? Àtijọ́ ni. Ìdàkejì ọ̀dọ́ ńkọ́? Àgbà ni, tàbí arúgbó. Ìdàkejì aṣọ tó ṣì dára ni aṣọ tó ti gbó. Ìdàkejì ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ olè jíjà ni ògbólógbòó olè. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin márùn-ún ni èdè wa fi pín ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kó sínú lẹ́tà mẹ́ta. Èyí kì í ṣe àléébù Yorùbá, kì í sì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì. Bí èdè kọ̀ọ̀kan ṣe ń gé iṣu tirẹ̀ nìyẹn. Olùkọ́ tó bá ti kọ "old = arúgbó" sójú pátákó ti fún ọmọ ní ìdá kan nínú iṣu, ó sì ti sọ fún un pé odidi nìyẹn.

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìlànà ìjọba ni. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 wọ́n kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ní tiwa, ìkéde méjèèjì kò yí ohun tó wà nílẹ̀ padà. Ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé ni yóò ṣì jókòó síwájú olùkọ́, Yorùbá ni yóò sì fi ronú kí ó tó la ẹnu. Iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, lo Yorùbá fún gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lábẹ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí a rí fà yọ níbẹ̀ ni pé Yorùbá kì í ṣe ọ̀tá "old". Àìfi méjèèjì wéra ni ọ̀tá rẹ̀.

"My shirt has old"

Àwọn onímọ̀ gírámà Yorùbá ti jiyàn pẹ́ lórí bóyá èdè wa tilẹ̀ ní ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó dá dúró. Bámgbóṣé fi hàn ní 1966 pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni a ti ń ṣẹ̀dá ọ̀pọ̀ nínú wọn: ga di gíga, dára di dáradára. Awóbùlúyì, ní 1978, kó ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn mìíràn ń pè ní ọ̀rọ̀ àpèjúwe lọ sábẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. A kò ní dá sí ìjà àwọn àgbà níhìn-ín. Ohun tó kàn wá ni pé nínú gbólóhùn bíi "Ẹ̀wù mi gbó", ọ̀rọ̀-ìṣe ni gbó. Kò nílò ohunkóhun tó jọ "is" kí ó tó dúró.

Ọmọ tó bá kọ "My shirt old" ti tẹ̀lé òfin èdè rẹ̀. Èyí tó kọ "My shirt has old" tún jinlẹ̀ jù ú lọ. Ó ti kọ́ pé "Ó ti lọ" ni "He has gone", pé "ti" ni "has". Ẹ̀wù rẹ̀ ti gbó; nítorí náà, "has old". Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì tí ó ń gbọ́ lọ́jà pẹ̀lú sì gbè é lẹ́yìn: "My shirt don old". A ti rí olùkọ́ tó fi gègé fa irú gbólóhùn yìí, tó kọ "is" sókè rẹ̀, tó sì kọjá lọ. Àtúnṣe náà tọ̀nà ṣùgbọ́n ó sọnù sọ́nà, torí "My shirt is old" kì í ṣe ohun tí ọmọ náà fẹ́ sọ. Ẹ̀wù lè jẹ́ "old" láìgbó rárá: ẹ̀wù tí a rà ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn tí a sì tọ́jú sínú àpótí, "old shirt" ni, kò sì ní ihò kan. Ohun tí ọmọ yẹn ní lọ́kàn ni "My shirt has worn out". Ìyẹn gan-an ni "ti gbó", "has" rẹ̀ sì wà níbẹ̀ digbí. Ohun tó yẹ kó yí padà ni "old", olùkọ́ sì lọ pa "has" tí kò ṣe nǹkan kan.

Gbó tún ní ojú mìíràn. Nígbà tí a bá ṣàdúrà fún àgbà pé "Ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́", ọ̀rọ̀ tí a lò fún ẹ̀wù ni a lò fún ènìyàn, kò sì sí ẹni tí inú rẹ̀ kò ní dùn sí i. Bí ọmọ bá wá kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ àgbà pé "I pray that you will be old", Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ní àbùkù gírámà kankan, àmọ́ àdúrà náà ti di èpè lójú ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. "May you live long" ni wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ àgbà kò gbé iyì kan náà nínú èdè méjèèjì. Ẹni tí a bá pè ní àgbà láàárín wa, a yìn ín ni. Ẹni tí a bá sọ fún lójúkojú ní Gẹ̀ẹ́sì pé "You are old", a ti rí i fín, ìdí sì nìyẹn tí "elderly" fi wà.

Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ

Gbólóhùn tó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu ni "The baby is eight days old". Ọmọ tuntun, ọjọ́ ìkómọjáde rẹ̀, báwo ló ṣe di "old"? Ọmọ tó bi olùkọ́ ní ìbéèrè yìí gbọ́n, ìdáhùn gidi sì tọ́ sí i. Níbí, "old" kò sọ pé ẹnikẹ́ni darúgbó. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni, gẹ́gẹ́ bí "tall" nínú "two feet tall" kò ṣe sọ pé ohun náà ga. Yorùbá kì í lo ọ̀rọ̀ ìwọ̀n irú èyí. "Ọmọ" tàbí "ẹni" ni a ń lò. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹni ọgọ́ta ọdún. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń kọ "I am a child of ten years". Kò sí àṣìṣe gírámà nínú gbólóhùn yẹn. Ó kàn jẹ́ pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀. Kí olùkọ́ fi èyí tí wọ́n ń sọ hàn án, kí ó má sì gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tó jẹ́ àṣìṣe ni "I am ten years". Bí "years" bá ti wọlé, "old" tàbí "of age" gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Bí "years" kò bá wọlé, "I am ten" ti tó.

Ìdẹkùn tó tóbi jù níbẹ̀ ni lẹ́tà s. "The boy is ten years old" tọ̀nà. "A ten years old boy" kò tọ̀nà. "A ten-year-old boy" ni. Nígbà tí gbogbo àkójọ náà bá bọ́ síwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, tí ó di ẹ̀yán kan ṣoṣo tí háífìn so pọ̀, "year" kì í gba s mọ́. Bákan náà ni "a five-naira note" rí, tí ẹnikẹ́ni kì í pè ní "five-nairas". Àmọ́ bí ó bá tún di ọ̀rọ̀-orúkọ fúnra rẹ̀, s náà yóò padà wá, ibòmíràn ni yóò sì bà lé: "The ten-year-olds are in Primary Five". Ọmọ tó bá rí ìrìnàjò s yìí lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé. A kì í fi hàn wọ́n. "No s" ni a máa ń pa láṣẹ.

Kí a má bàa dà bí ẹni tó ń bá ọmọdé nìkan wí, ẹ wo bánnà àwọn ìpàdé tí àwa olùkọ́ àgbà fúnra wa ń ṣe káàkiri. "Three Days National Workshop" ni a máa ń kà lára wọn, nígbà tí ó yẹ kí ó jẹ́ "Three-Day". Lẹ́tà ìwáṣẹ́ àwọn tó gboyè tán ń kó "I am a 25 years old man" dání. Ìwé ìkéde òkú ń kọ "at the age of 95 years", bẹ́ẹ̀ "at the age of 95" tàbí "aged 95" ti parí ọ̀rọ̀. Ní ti "aged" yìí, ìró ohùn kan ni nínú "aged 95", ó sì di méjì nínú "an aged man". Ẹ̀kọ́ ìpè ọ̀rọ̀ ni kó gba ìyẹn rò.

Ẹ̀gbọ́n àti "senior brother"

Ibí ni a fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí ibí ni gègé pupa ti ń ṣe ìjàm̀bá jù.

Láti inú "old" ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú "older" àti "elder" jáde. "Elder" ló pẹ́ jù nínú àwọn méjèèjì, ó sì ti fẹ̀yìn tì sí inú ẹbí: "my elder sister", "the elder of the two". Kì í gba "than" sẹ́yìn. "She is elder than me" kò tọ̀nà. "She is older than me" ni. "Older" ní tirẹ̀ ń ṣe gbogbo iṣẹ́, títí kan "my older sister". Òfin tí olùkọ́ nílò kò ju báyìí lọ, ìṣẹ́jú márùn-ún sì tó fún un.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń sọ Yorùbá kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láti "elder". "My senior brother" ni yóò kọ, tàbí "He senior me". Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́kàn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló fẹ́ sọ. Ẹ̀gbọ́n sọ ẹni tó ṣáájú, kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. "Brother" sọ pé ọkùnrin ni, kò sọ ẹni tó ṣáájú. Nígbà tí ọmọ yìí bá kọ "brother" lásán, ó dà bíi pé ó ti já adé lórí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wá nǹkan dé e padà. Nílé-ẹ̀kọ́ níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn tó wà ní kíláàsì òkè ní "Senior", ó rí ọ̀rọ̀ kan tó gbé ọ̀wọ̀ àti ìṣáájú pa pọ̀. Ó mú un. Ọgbọ́n ni èyí. Olùkọ́ tó bá ṣàlàyé rẹ̀ fún kíláàsì bí a ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí ti kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá lẹ́ẹ̀kan náà.

"Elder" gan-an kò sì kún ojú ẹ̀gbọ́n tán. Ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé kì í pe ọmọdé tó bá nínú agboolé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí i lọ́mọ. Ọjọ́ tí ó wọlé ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí tirẹ̀ níbẹ̀. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ púpọ̀ nípa ipò àgbà irú èyí nínú ìwé rẹ̀ The Invention of Women (1997). Bí "elder" bá túmọ̀ sí ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bí, a jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá kì í ṣe "elder" ẹnikẹ́ni. "Senior", tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ipò, sún mọ́ ọn ju "elder" lọ.

Kí ni kí olùkọ́ ṣe nígbà náà? Nínú ìdánwò WAEC àti ti JAMB, kí ọmọ kọ "elder", kí ó sì mọ ìdí rẹ̀. Nínú àròsọ tó ń ròyìn ilé rẹ̀, a kò rí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ fa "senior brother" ya. Jákèjádò orílẹ̀-èdè yìí ni wọ́n ń lò ó, lẹ́nu àwọn tó kàwé dáadáa pẹ̀lú. Láti 1982 ni Bámgbóṣé ti kọ̀wé lórí ọ̀nà tí a lè gbà dá ojúlówó Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà mọ̀ yàtọ̀ sí àṣìṣe. "Senior brother" yẹ ní ojúlówó lójú wa. "He senior me" kò tíì dé ibẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì ni, àyè tirẹ̀ sì wà. "Elder than me" kò ní àyè níbì kankan. Olùkọ́ tó bá fi gègé kan náà fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì ka ìwé ọmọ náà.

Ọ̀rẹ́, ilé-ìwé, olè

A lè yára lórí ìyókù. "My old school" ni ilé-ìwé tí mo ti kúrò níbẹ̀, ì báà jẹ́ ọdún tó kọjá ni wọ́n kọ́ ọ. Yorùbá bá Gẹ̀ẹ́sì mu níbí: ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni "Old Students' Association", ọmọ ogún ọdún sì lè wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà wọn tún pín lórí "old friend". Ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ lè jẹ́ ẹni tí a ti jà tí a kò sọ̀rọ̀ mọ́. "My old friend" ni ẹni tí ọ̀rẹ́ wa ti pẹ́ tí ó ṣì ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi tipẹ́tipẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó fi "an old thief" túmọ̀ ògbólógbòó olè ti sọ olè náà di bàbá arúgbó. "A hardened thief" ni. Ọbẹ̀ àná kì í ṣe "old soup", búrẹ́dì tó ti gbẹ kì í sì í ṣe "old bread", "stale bread" ni. Ní ti bí ọ̀rọ̀ àpèjúwe ṣe ń tò tẹ̀lé ara wọn, "a big old house" ni wọ́n ń sọ, ìtóbi síwájú ọjọ́ orí.

Orúkọ kan wà tó wúlò púpọ̀ fún kíláàsì ìtàn àti ti Gẹ̀ẹ́sì pa pọ̀. Ìlú tí àwọn Ọ̀yọ́ fi sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1830, kí Aláàfin Àtìbà tó tẹ̀dó sí Àgọ́ Ọjà, "Old Oyo" ni ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ọ̀yọ́ Ilé ni àwa ń pè é. Gẹ̀ẹ́sì wo ìlú náà, ó rí àtijọ́; Yorùbá wò ó, ó rí ilé. Bí ọmọ bá béèrè ibi tí "old" wà nínú "Ọ̀yọ́ Ilé", kí olùkọ́ sọ fún un pé kò sí níbẹ̀.

Nípa àtẹ

A kò sọ pé kí a má fi ọ̀rọ̀ ìdàkejì kọ́ni mọ́. A ní kí "old" má ṣe dá nìkan wà lórí àtẹ. Kí olùkọ́ kọ "an old woman", "an old shirt", "an old friend", "my old school", "eight days old" sójú pátákó, kí ó ní kí àwọn ọmọ sọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan nílé, kí ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó tó wá béèrè ìdàkejì. Wọn yóò rí i fúnra wọn pé "young" bá ti àkọ́kọ́ lọ, "new" bá ti èkejì lọ, àti pé èyí tó kẹ́yìn kò ní ìdàkejì rárá. Kò gba ìwé tuntun, kò gba owó ìjọba. Ó gba pé kí olùkọ́ náà gbọ́ Yorùbá tó jinlẹ̀, ìyẹn sì ni kọ́lẹ́jì wa lè yẹ̀ wò nígbà tí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì àti ẹ̀ka Yorùbá bá ń pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún TP láì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Fún àwọn tó ti wà ní ọdún kẹta NCE, a ti ń lo iṣẹ́ kan tó le díẹ̀. A ń fún wọn ní òwe tó ní ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, a sì ń ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ń fi "old person" túmọ̀ àgbà, wọ́n ń fi "old clothes" túmọ̀ àkísà. Nígbà náà ni a máa ń bi wọ́n pé, ọmọ tó wọ ẹ̀wù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀ kù, ṣé "old clothes" kọ́ ló wọ̀? Bí ó bá ní "old clothes" bí àgbà, òwe náà ti wó lọ́wọ́ wa. "Elder" ni àgbà níbẹ̀, "rags" sì ni àkísà. Nínú òwe tó dá lórí ọjọ́ orí látòkè délẹ̀, "old" kò rí iṣẹ́ kan ṣoṣo ṣe.